Bí Ìjọba Amẹ́ríkà Ṣe Ń Ta Ilé Mọ́ Onígbèsè Owó Orí Lórí: Àgbéyẹ̀wò

Bí a bá gbọ́ pé ilé bọ́ mọ́ ẹnìkan lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà, báńkì ló máa ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn. A ó ní kò rí owó mọ́géèjì san ni, báńkì sì gba ilé. Lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà níbẹ̀ tí èèyàn lè jẹ ní gbèsè, tí agbára rẹ̀ sì ju ti báńkì lọ fíìfíì. Ìjọba àpapọ̀ ni. Bí onílé bá jẹ ìjọba ní owó orí, ìjọba lè ta ilé tó ti san owó rẹ̀ tán pátápátá. Ó lè tà á lẹ́yìn tí onígbèsè ti kú, kí opó tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ máa kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ẹ̀ka 7403 nínú ìwé òfin owó orí ilẹ̀ náà ló fún ìjọba lágbára yìí, ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n sì ti ń lò ó.

Àwọn ènìyàn wa pọ̀ ní Houston, ní Maryland, ní Chicago àti Atlanta, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti ra ilé síbẹ̀. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn gbọ́ nípa òfin yìí. Ohun tí èmi rí nínú rẹ̀ rèé: àyè tí òfin fi sílẹ̀ fún onílé níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pọ̀ ju bí onílé ti mọ̀ lọ, àyè tó sì fi sílẹ̀ fún un nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti dé iwájú adájọ́ kéré ju bó ti yẹ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ti ìsàlẹ̀ bọ̀. Nígbà tí IRS, àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀, bá ti kọ iye tí ẹnìkan jẹ sínú ìwé, tó fi ìwé gbèsè ránṣẹ́ sí i, tí onítọ̀hún kò sì san án, gbogbo ohun tó ní di ìdógò fún gbèsè náà lójú òfin. Ilé wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ wà nínú rẹ̀, owó báńkì wà nínú rẹ̀, àní ohun tí kò tíì rà lónìí tó máa rà lọ́dún tó ń bọ̀ pẹ̀lú. Ìjọba kò ní láti lọ sílé-ẹjọ́ kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àjọ yóò wá lọ fi ìwé ìkéde ìdógò náà sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ níbi tí ilé wà, kí ẹni tó bá fẹ́ ra ilé tàbí tó fẹ́ yá onílé lówó lè rí i. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 5 tí wọ́n bá fi ìwé yìí sílẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí onígbèsè, òun náà sì ní 30 ọjọ́ láti béèrè pé kí ẹ̀ka ìpẹ̀jọ́ àjọ náà gbọ́ tẹnu òun.

Ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Inú rẹ̀ ni onígbèsè ti lè sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa san án díẹ̀díẹ̀, tàbí kí wọ́n gba iye tí agbára òun ká kí wọ́n fi ìyókù jì òun, tàbí kí ó fi hàn pé bí òun bá san owó náà báyìí, òun kò ní rí oúnjẹ jẹ. Bí ìdáhùn tí wọ́n fún un kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́ owó orí. Ẹni tó jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá ti sọ ẹ̀tọ́ yẹn nù.

Gbèsè náà kì í sì í dúró sójú kan. Owó ìtanràn àìsanwó jẹ́ 0.5% lóṣù títí yóò fi pé 25%. Ti ẹni tí kò tilẹ̀ fi ìwé owó orí sílẹ̀ rárá le ju bẹ́ẹ̀ lọ: 5% lóṣù ni, òun náà sì lè dé 25%. Èlé tún ń gun orí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó bá bi mí pé kí wọ́n fi ìwé sílẹ̀ lásìkò bí kò bá tilẹ̀ sí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé òun kò lówó, tó wá tìtorí ẹ̀ kọ̀ láti kọ ìwé, ti sọ gbèsè kékeré di ńlá fún ara rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni ìjọba lè gbà dé ìdí ilé tí èèyàn ń gbé. Àkọ́kọ́ ni kí IRS fúnra rẹ̀ gbẹ́sẹ̀ lé ilé náà kó sì lù ú ní gbàǹjo. Láyé àtijọ́, ọ̀nà yìí rọrùn fún àjọ náà ju bó ti yẹ lọ, ariwo àwọn ará ìlú sì pọ̀. Ní 1998, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, Congress, fi òfin tuntun dè wọ́n lọ́wọ́: wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ilé tí èèyàn ń gbé bí adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kò bá fọwọ́ sí i nínú ìwé. Bí gbèsè náà kò bá ju $5,000 lọ, ilé náà ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìjọba ní láti fi yé adájọ́ pé kò sí ọ̀nà mìíràn tó bójú mu láti gba owó náà. Bí wọ́n bá sì tà á tán, onílé ṣì ní 180 ọjọ́ láti fi rà á padà, bó bá lè san iye tí wọ́n tà á pẹ̀lú èlé 20% lọ́dún fún ẹni tó rà á.

Ọ̀nà kejì ni ti ẹ̀ka 7403 tí mo mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀. Níbí, IRS yóò ní kí Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ pe onígbèsè lẹ́jọ́ ní ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, kí adájọ́ fi àṣẹ ta ilé. Ohun tó bà mí lọ́kàn jẹ́ ni pé kò sí ọ̀kan nínú ààbò tí òfin 1998 ṣe tó dé ọ̀nà yìí. Òfin kò sọ iye tí gbèsè gbọ́dọ̀ tó. Kò sọ pé kí ìjọba kọ́kọ́ wá ọ̀nà mìíràn. Bí wọ́n bá ta ilé tán, kò sí 180 ọjọ́ tí onílé yóò fi rà á padà. Òótọ́ ni pé ìwé ìlànà iṣẹ́ IRS ní kí àwọn ọ̀gá yẹ ọ̀rọ̀ wò dáadáa kí wọ́n tó gbé ilé tí èèyàn ń gbé lọ sílé-ẹjọ́, ṣùgbọ́n ìlànà iṣẹ́ kì í ṣe òfin, onígbèsè kò sì lè fi dá ìjọba dúró níwájú adájọ́. Ẹni tí ìjọba fúnra rẹ̀ yàn láti máa gbèjà àwọn asanwó-orí, tí wọ́n ń pè ní National Taxpayer Advocate, ti bẹ Congress pé kí wọ́n fi ààbò kan náà sínú ẹ̀ka 7403. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ilé kan náà ni, ẹbí kan náà ló ń gbé inú rẹ̀. Kò yẹ kí ààbò wọn wà lọ́wọ́ ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá yàn láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Bí ẹjọ́ náà ṣe ń lọ kò ṣòro láti tẹ̀ lé. Gbogbo ẹni tó bá ní ohun kan láti sọ lórí ilé náà ni ìjọba gbọ́dọ̀ pè: ọkọ tàbí aya, báńkì tó yá wọn lówó, ìjọba ìbílẹ̀ tó ń gba owó orí ilé, ọmọ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ilé. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti fi ìwé ìpẹ̀jọ́ lé èèyàn lọ́wọ́, 21 ọjọ́ ló ní láti fi dáhùn. Bó bá gbà pé kí wọ́n má wulẹ̀ rán akóìwé wá, ó di 60 ọjọ́. Àwa Yorùbá a máa pe ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá ní àgbà òṣìkà, ṣùgbọ́n òfin ibẹ̀ gba adájọ́ láyè láti dá a bẹ́ẹ̀ bí ẹnìkejì kò bá dáhùn. Ìwé ìṣirò IRS nìkan ti tó ẹ̀rí, nítorí ilé-ẹjọ́ gbà pé ó tọ̀nà títí ẹnìkan yóò fi fi hàn pé kò tọ̀nà. Ẹni tó bá fi ìwé náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ti fọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́bi.

Bí adájọ́ bá ti dá ìjọba láre, yóò kéde iye gbèsè, yóò sì pàṣẹ pé kí wọ́n ta ilé. Wọ́n gbọ́dọ̀ polówó rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán, kí wọ́n tó tà á ní gbangba níwájú ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀ tàbí lórí ilẹ̀ náà gan-an. Àṣẹ náà máa ń sọ ọjọ́ tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde, àwọn agbófinró Marshal ló sì ń lé ẹni tó bá kọ̀. Láti inú owó tí wọ́n bá rí, wọ́n á yọ ìnáwó títà, báńkì tó ti yá onílé lówó kí ìjọba tó fi ìwé ìkéde rẹ̀ sílẹ̀ á gba tirẹ̀, owó orí ilé ti ìjọba ìbílẹ̀ náà sì sábà máa ń ṣáájú. Ẹni tó jọ ni ilé pẹ̀lú onígbèsè á gba ìpín tirẹ̀, IRS á kó nínú ti onígbèsè, èyí tó bá ṣẹ́kù á padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Àwọn kan máa ń rò pé bí ọdún mẹ́wàá bá ti kọjá, gbèsè ti kú. Lóòótọ́, ọdún 10 ni òfin fún IRS láti fi gba owó lẹ́yìn tó bá ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá ti pe ẹjọ́ kí ọdún náà tó pé, tó sì gba ìdájọ́, ìdógò ìdájọ́ yẹn lè wà lórí ilé fún 20 ọdún, wọ́n sì lè tún un ṣe fún 20 mìíràn. Ẹni tó jókòó ti ọdún mẹ́wàá lè rí i pé ogójì ọdún ló ń dúró de òun.

Ibi tó le jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni ti ẹni tí kò jẹ gbèsè. Ìdájọ́ tí gbogbo adájọ́ ń wò ni United States v. Rodgers, tí Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ní 1983. Ní Dallas, Texas, ọkùnrin kan jẹ ìjọba ní owó orí tẹ́tẹ́ tó ju $900,000 lọ, ó sì kú ní 1974. Ìyàwó rẹ̀ kò jẹ gbèsè náà, inú ilé tí wọ́n jọ rà ló ṣì ń gbé. Ní Texas, òfin ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní homestead dáàbò bo ilé ìgbé lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tí èèyàn ń jẹ ní gbèsè, ó sì fún opó ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé ibẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ṣé ìjọba àpapọ̀ lè ta ilé náà? Adájọ́ Brennan tó kọ ìdájọ́ náà ní ó lè tà á. Òfin ìjọba àpapọ̀ ga ju ti ìpínlẹ̀ lọ. Odindi ilé ni wọ́n lè tà, kì í ṣe ìpín onígbèsè nìkan, bí wọ́n bá ti lè san owó ẹ̀tọ́ opó fún un nínú ohun tí wọ́n tà.

Ilé-ẹjọ́ náà ṣí fèrèsé kan sílẹ̀. Ó ní adájọ́ kò ní láti pàṣẹ títà ní gbogbo ìgbà, ó lè kọ̀ ọ́ nítorí ẹlòmíràn tó ní ẹ̀tọ́ nínú ilé náà. Kí ó wo bí owó ìjọba yóò ṣe bàjẹ́ tó bí wọ́n bá ní kí wọ́n ta ìpín onígbèsè nìkan. Kí ó wo bóyá ẹni tí kò jẹ gbèsè ní ìdí láti gbàgbọ́ pé wọn kò lè fipá ta ilé náà mọ́ òun lórí. Kí ó wo ìnira àti ìnáwó tí kíkó jáde yóò dá sílẹ̀, àti bóyá owó tí wọ́n máa fún un tó ohun tó pàdánù. Kí ó sì wo bí ìpín ẹnìkan ti tóbi sí ti ẹnìkejì. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé kí àwọn adájọ́ má sáré lo fèrèsé yìí. Ní ti onígbèsè fúnra rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìgbà tí wọ́n lè kọ̀ láti ta ilé nítorí àánú rẹ̀ nìkan.

Nínú ìdájọ́ yẹn kan náà ni wọ́n ti fi àpẹẹrẹ ṣàlàyé iye tí ẹ̀tọ́ opó lè tó. Wọ́n ní bí a bá ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú èlé 8%, ti ẹni ọgbọ̀n ọdún lè tó 97% iye ilé, ti ẹni àádọ́ta ọdún 89%, ti ẹni àádọ́rin ọdún 64%. Ẹ wo ohun tí ìṣirò yìí ń sọ. Bí opó bá ti ń dàgbà sí i ni ìpín rẹ̀ ń kéré sí i, nítorí ọdún tó kù fún un láti gbé ibẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀, ìyá àádọ́rin ọdún yẹn gan-an ni kíkó jáde yóò ni lára jù, tí kò ní rí báńkì tí yóò yá a lówó ra òmíràn. Ìṣirò náà péye. Ìdájọ́ òdodo ni mo wá nínú rẹ̀ tí n kò rí.

Ní 2002, ẹjọ́ United States v. Craft láti Michigan tún fi kún un. Ní àwọn ìpínlẹ̀ bíi Michigan, ọkọ àti aya lè jọ ni ilé bí ẹnì kan ṣoṣo, tó fi jẹ́ pé ẹni tí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ kò lè fọwọ́ kan ilé náà. Ọkọ jẹ owó orí, ó fi ìpín rẹ̀ fún ìyàwó ní $1. Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a pẹ̀lú adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta pé ìdógò ìjọba ti lẹ̀ mọ́ ìpín ọkọ náà kó tó fi í tọrẹ. Láti ìgbà náà, ilé alájọni tọkọtaya kò jẹ́ odi mọ́ fún IRS.

Ibí ni mo ti fẹ́ bá àwọn tiwa sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé bí wàhálà bá ń bọ̀, kí a yáa fi orúkọ ọmọ tàbí ti àbúrò sínú ìwé ilé. Nílé, ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí ilé bàbá ẹni ti jẹ́ ti gbogbo ọmọ, kò sí ohun tó burú nínú pé kí ọ̀pọ̀ orúkọ wà nídìí ilé kan. Níwájú adájọ́ Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n máa wò ni ẹni tó ń san owó ilé, ẹni tó ń gbé inú rẹ̀, ẹni tó ń pàṣẹ lórí rẹ̀, àti iye tí ọmọ náà san nígbà tí ilé di tirẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá tọ́ka sí bàbá, wọ́n á ní orúkọ lásán ni ọmọ fún un, wọ́n á sì ta ilé náà bí ìgbà tí orúkọ bàbá wà lórí rẹ̀. Èyí tó burú ni pé ọmọ náà á di olùjẹ́jọ́, ẹ̀sùn fífi ohun ìní pamọ́ á sì kún ẹ̀sùn gbèsè.

Ọ̀rọ̀ kejì kan àwọn oníṣòwò wa, pàápàá àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ tó ń rán olùtọ́jú lọ sílé àwọn arúgbó sílẹ̀. Owó orí tí agbanisíṣẹ́ yọ nínú owó òṣìṣẹ́ kì í ṣe owó rẹ̀, ó kàn ń bá ìjọba tọ́jú rẹ̀ ni. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá pẹ́ kó tó sanwó iṣẹ́, tí ọ̀gá wá fi owó orí náà san owó oṣù, òfin lè gbé gbogbo iye tó yọ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ka òun fúnra rẹ̀ lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ní orúkọ tirẹ̀ lábẹ́ òfin. Akọ̀wé owó tó ní àṣẹ láti fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì náà lè bá a pín nínú rẹ̀. Gbèsè ibi iṣẹ́ á wá di gbèsè ilé. Inú ẹni tó ṣe é lè má burú rárá. Ó fẹ́ kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ jẹun ni. Òfin kò ka ìyẹn sí àwáwí.

Owó orí nìkan kọ́ ni ìjọba àpapọ̀ fi ń wá sídìí ilé. Ẹ̀ka ètò ọ̀gbìn, USDA, máa ń yá àwọn ará ìgbèríko àti àgbẹ̀ lówó tààrà, ó sì lè gba ilé tàbí oko padà nílé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀. Ìtàn rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú kò dára: ẹjọ́ Pigford v. Glickman, tí wọ́n parí ní 1999, wáyé nítorí ẹ̀sùn pé wọ́n ń fi ẹ̀yà dù wọ́n ní owó yíyá àti ìrànwọ́, ọ̀pọ̀ sì ti pàdánù ilẹ̀ wọn. Ẹni tí ìjọba kàn ṣe onídùúró owó ilé fún lọ́dọ̀ báńkì, lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní FHA, kò sí nínú èyí. Báńkì ló máa ń bá onítọ̀hún ṣẹjọ́, òfin ìpínlẹ̀ ni wọ́n sì ń lò. Ìjọba tún lè gba ilé tí wọ́n ní ó lọ́wọ́ nínú oògùn olóró, ṣùgbọ́n láti 1993, nínú ẹjọ́ kan láti Hawaii, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti ní wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún onílé kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ lé ilé.

Ìdájọ́ kan wà tó fún mi ní ìrètí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ìbílẹ̀ ló kàn. Ní Minneapolis, ìyá arúgbó kan jẹ owó orí ilé $2,300. Ìtanràn àti èlé sọ ọ́ di $15,000. Ìjọba ìbílẹ̀ ta ilé rẹ̀ ní $40,000, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sápò. Ní oṣù karùn-ún 2023, gbogbo adájọ́ mẹ́sàn-án Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ pátá, nínú ẹjọ́ Tyler v. Hennepin County, ní ìjọba kò lẹ́tọ̀ọ́ láti kó ohun tó ju gbèsè lọ. Ẹni ọdún 94 ni ìyá náà nígbà tí wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ bá ti dé ẹnu ọ̀nà yín, ẹ má dákẹ́. Ẹ dáhùn ìwé ìpẹ̀jọ́ kí 21 ọjọ́ tó pé. Ẹ wá lọ́yà tó mọ ẹjọ́ owó orí. Bí kò bá sí owó, àwọn ilé-ìwé òfin kan ní ilé ìrànwọ́ fún asanwó-orí tí kò lówó lọ́wọ́. Bí ìyàwó tàbí ọkọ kò bá jẹ nínú gbèsè náà, kí ó ní lọ́yà tirẹ̀, nítorí òun ni fèrèsé Rodgers wà fún. Lílọ bẹ̀bẹ̀ ààbò nílé-ẹjọ́ àwọn onígbèsè, èyí tí wọ́n ń pè ní bankruptcy, lè dá títà dúró, kó sì fún yín ní ọdún mẹ́ta sí márùn-ún láti san owó náà, àmọ́ kò ní fa ìdógò náà tu kúrò lára ilé. Ẹ̀yin tó sì ti di ọmọ onílùú tí ẹ ń dìbò níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí aṣojú yín ní Congress pé kí ààbò 1998 dé ẹ̀ka 7403 pẹ̀lú.